Ohun Tó Kù ní Kilmorran

Ó rẹ Adépéjú. Kì í ṣe irú èyí tí èèyàn máa sùn tí ara á sì tù ú o. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń rẹ̀ ẹ́. Èmi Hàlímátù tí a jọ ń gbé basement kan ní Springdale, ní Canada níbí, ni kí ẹ bi. Láràárọ̀ ni yóò máa wá ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kiri, tí yóò máa rojọ́ fún mi bí ẹni pé èmi ni mo da snow sílẹ̀. Bọ́ọ̀sì ni, train ni, kó tó dé Oakville níbi tó ti ń tọ́jú bàbá òyìnbó kan. Á dé nírọ̀lẹ́, á jókòó ti kóòtù ti bàtà, á ní, "Auntie Hàlímà, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mí ná." Èmi a sì ní kó mí jàre, a kì í san rent lórí èémí.

Kí ló ń lé kiri? Kò ju ilé lọ. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ìwé ìgbélùú rẹ̀ níbí kò tíì jáde, kò lè rìnrìn àjò. Orí fóònù ló ti wo ìsìnkú. Láti ìgbà náà, ohun kan ṣoṣo ló ń sọ: "Kí n ṣáà wọ yàrá Màámi. Kí n sùn lórí bẹ́ẹ̀dì wọn, kí n sunkún mi tẹ́rùn." December yìí ló fi sí, ó sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Bàbá Gordon tí Péjú ń tọ́jú ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Scotland ni wọ́n bí i sí, nínú ọgbà ilé ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Kilmorran, torí bàbá rẹ̀ ló ń tọ́jú òdòdó àti ewébẹ̀ ibẹ̀. Ilé yẹn, ẹ̀rù ló kọ́ ọ. Láyé ọjọ́un, àwọn aládùúgbò máa ń jí màlúù ara wọn kó, wọ́n á sì tún dáná sun ilé ara wọn. Ni onílé bá mọ ògiri òkúta tó nípọn débi pé àgbàlagbà lè nà gbalaja sójú fèrèsé. Ihò tóóró-tóóró ni wọ́n dá sí i fún ìbọn, ilẹ̀kùn onírin kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń gbà wọlé. Nígbà tí ìjà rọlẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ fẹ fèrèsé, wọ́n di ọlọ́lá. Ogun Hitler dé, àwọn sójà wá gbébẹ̀, wọ́n fi pákó àtẹ̀gùn yáná. Lẹ́yìn ìyẹn, owó tán lọ́wọ́ onílé. Ilé tó bá ní òrùlé ni ìjọba ń gba owó orí lé, ló bá ní kí wọ́n ṣí òrùlé náà kúrò. Háà! Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo ní owó orí wo ló tó kí èèyàn ṣí orí ilé ara ẹ̀ dà nù? Péjú ò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní ògiri lásán ni Bàbá Gordon fi sílẹ̀ níbẹ̀ nígbà tó wá bá wọn to mọ́tò ní ilé iṣẹ́ ní Canada.

Ọmọbìnrin bàbá náà ló pe Péjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní wọ́n ti wó ògiri yẹn palẹ̀, kí òkúta má baà já lu èèyàn. Ìdí ilé ìṣọ́ kan tó ga dé àyà ló kù, àti ilé ẹyẹlé, láàárín oko olóko. Ó ní kó má sọ fún bàbá o, ọkàn wọn ò lágbára. Wọn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ṣàlàyé ìyẹn fún ọmọ Yorùbá! Ta ni í sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé fún ẹni tó wà lókè òkun? "Ara Bàbá ò yá díẹ̀" lẹ máa gbọ́, wọ́n sì ti sin Bàbá tán.

Bẹ́ẹ̀ ni bàbá á ṣe ní, "Péjú, wo fóònù rẹ. Ṣé Kilmorran ṣì wà?" Péjú á tẹjú mọ́ fóònù, á ní, "Ó wà digbí, Bàbá. Nǹkan kan ò ṣe é."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní November, bàbá gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ògiri tí kò ní òrùlé, tí òjò ń pa láti ọgọ́ta ọdún ó lé, òkúta kan ò já bọ́ níbẹ̀? Ilé tó bá wà, nǹkan á máa ṣe é ni. Èyí tí nǹkan kan ò ṣe mọ́, ó ti lọ."

Péjú sọ fún mi pé kì í ṣe ìgboyà ló mú òun sọ òótọ́, pé irọ́ náà ti sú òun ni. Ó sọ gbogbo ẹ̀. Bàbá sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ní kó bu tíì wá.

Inú train ni ọ̀rọ̀ bàbá náà ti wá kọlu Péjú fúnra ẹ̀. Adésànyà, àbúrò rẹ̀ tó ń bójú tó ilé Màámi, aláròyé ni. Tẹ́lẹ̀, kò sí Sunday tí kì í rojọ́: páànù ti ṣí, ikán ti jẹ ilẹ̀kùn, ògiri ilé ìdáná ti là. Ṣùgbọ́n láti ọdún tó kọjá, "Ilé wà dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi" nìkan ló ń sọ. Òjò odidi ọdún kan rọ̀, kò sì mẹ́nu ba páànù.

Kò bọ́ kóòtù nígbà tó wọlé. Ó gbé fóònù sórí tábìlì níbi tí mo ti ń bẹ iṣu, ó sì pe Adésànyà.

"Sànyà, ṣé yàrá Màámi ò jò?"

"Kò jò rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ fọkàn balẹ̀."

"Ikán ńkọ́?"

"Kò sí ikán kankan níbẹ̀ mọ́."

Péjú dijú. "Sànyà, kí ló kù níbẹ̀?"

Ẹkún Sànyà la gbọ́ nínú fóònù.

"Títì ni ìjọba fẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n wó gbogbo ẹ̀. Ibojì Màámi nìkan ni wọ́n yà sílẹ̀. A rò ó pé ẹ̀yin nìkan lẹ wà lọ́hùn-ún, ẹ ò ní í rí ẹni dì yín mú."

Inú bí mi! Mo fẹ́ já fóònù náà gbà kí n sọ tẹnu mi fún un. Péjú gbọ́wọ́ sókè sí mi. Kò pariwo, kò bú u. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ìyẹn.

"Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì," ló wí. "Sànyà, tí mo bá dé, níbo ni mo máa sùn?"

Ó tún bi í.