Síkì Tó Tì Pa Láìsí Bàtà Nínú Rẹ̀

Ọjọ́ tí Màmá Wálé gbé síkì ọmọ wọn, ìyẹn pákó gígùn méjì tí èèyàn ń fi yọ̀ lórí yìnyín, wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Greenbelt níbí ní Amẹ́ríkà, wọn kò jẹ́ kí n tètè fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní bí àwọn tó wá ọmọ náà ṣe rí i lórí òkè ló ṣì wà, pé ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí i. Mo wò ó. Ibi tí bàtà ń wọ̀ lórí méjèèjì ló tì pa, kò sì sí bàtà nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà díẹ̀, torí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa pàápàá kò mọ ohun tí mo fi ń jẹun. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, n kò gun òkè yìnyín rí, n kò sì ní í gùn ún. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ṣì wúlò fún mi. Iṣẹ́ mi ni kí n rí i pé bàtà oníbàárà bá síkì rẹ̀ mu. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi ń gun òkè kí wọ́n tó yọ̀ sọ̀kalẹ̀. Bàtà tiwọn ní ihò kékeré méjì nímú. Báíńdìn, ìyẹn irin tó ń di bàtà mú lórí síkì, ní ẹ̀mú tó máa ń ki ẹnu ṣóńṣó bọ inú ihò méjèèjì. Tí wọ́n bá ń gòkè, wọ́n á fa ọwọ́ irin kan sókè níwájú rẹ̀ láti fi tì í pa. Ẹni tó bá fẹ́ bọ́ ọ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, kó tẹ ọwọ́ irin náà sílẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ Màmá wà. Wálé, àkọ́bí wọn, lọ gun òkè ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, kò padà. Àwọn tó wá a rí síkì rẹ̀ lókè, ó tì pa. Wọ́n rí òun alára nínú ọ̀gbun nísàlẹ̀, bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Gbogbo èèyàn gbà pé òun ló bọ́ ọ fúnra rẹ̀. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ayé ló sú u. Èrò tí Màmá ní lọ́kàn tún burú ju ìyẹn lọ.

Wọ́n ní, "Nílé, wọ́n kọ́ wa pé tá a bá gbọ́ orúkọ wa, tá ò rí ẹni tó pè wá, ká má dáhùn. Èmi ò kọ́ Wálé. Ibí la bí i sí, mo rò pé kò kàn án. Ẹnì kan ló pè é nínú snow yẹn, ó bọ́ síkì, ó tẹ̀ lé e."

Èmi tí mo ń kọ́ àwọn èèyàn ní Bíbélì, mo ní kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí n yẹ síkì náà wò.

Mo ki bàtà Wálé, tí Màmá gbé wá pẹ̀lú síkì, bọ báíńdìn. Ó mú un bí eégbọn. Ọ̀gá mi, àgbàlagbà ará Amẹ́ríkà tó kọ́ mi níṣẹ́, fà á títí, kò yẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé ilé iṣẹ́ tó ṣe bàtà yàtọ̀ sí èyí tó ṣe báíńdìn. Ó ní kí n gbé e síta, pé ṣọ́ọ̀bù tó móoru máa ń purọ́ fún èèyàn.

Yìnyín ń bọ́ lọ́jọ́ náà. Mo rọ iyanrìn sínú bàtà kó lè wúwo bí ẹsẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ wọ báíńdìn nínú yìnyín bí àwọn agunkè ṣe ń ṣe, mo tì í pa, mo fi síkì ti ògiri ẹ̀yìn ilé, mo sì wọlé lọ dá oníbàárà kan lóhùn.

Nígbà tí mo padà, bàtà ti wà nílẹ̀. Ó dúró ṣánṣán, imú rẹ̀ kọjú sí àwọn igi tó wà lẹ́yìn ilé, bíi pé ẹni tó wọ̀ ọ́ ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Ọwọ́ irin ṣì wà lókè bí mo ṣe fà á. Ipasẹ̀ mi nìkan ló wà nínú yìnyín. N kò ní purọ́, ẹ̀rù bà mí. Mo pe orúkọ Jésù, mo sì dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ọ̀gá mi fi jáde.

Àwa méjèèjì kúnlẹ̀ wò ó. Rọ́bà tó wà lábẹ́ imú bàtà náà nípọn jù fún báíńdìn yẹn. Ó gbé bàtà sókè díẹ̀, ẹ̀mú kò wọnú ihò tán. Nínú ooru, agbára sípíríǹgì inú báíńdìn ń bo àṣírí rẹ̀. Níta, yìnyín há sábẹ́ ẹ̀mú, ó di omi dídì, ẹ̀mú kò lè pa ẹnu dé mọ́, síbẹ̀ ọwọ́ irin gòkè bíi pé kò sí nǹkan. Bí nǹkan bá wá fa bàtà, á yọ lọ, báíńdìn á sì wà ní títì. Bí ọ̀kan bá yọ, tí èèyàn ṣubú, èkejì á tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ náà, bàtà agunkè kankan kì í kúrò lọ́wọ́ mi láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ gbé e síta.

Mo pe Màmá, wọ́n wakọ̀ wá láti ilé wọn ní Fort Washington. Mo fi hàn wọ́n lẹ́yìn ilé. Wọ́n ní kí n kúrò níbẹ̀, wọ́n ki ọwọ́ ara wọn bọ inú bàtà, wọ́n fà á. Ó yọ. Wọ́n ní kí n tún un tì. Ó tún yọ.

"Òun kọ́ ló bọ́ ọ?"

"Òun kọ́, Mà. Ó ṣì ń gòkè lọ ni."

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wọlé nítorí òtútù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé etí sún mọ́ irin náà, wọ́n sì fa bàtà lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Kò dún," ni wọ́n wí.

"Kì í dún, Mà."

Wọ́n fi etí gèlè nu yìnyín kúrò lára bàtà náà, wọ́n gbé e mọ́ àyà.

"Kò sẹ́ni tó pè é, nígbà náà. Ọmọ mi ò gbọ́ nǹkan kan."