Èènì Tábà

Ẹ foríjì mí bí ìkọ̀wé mi kò bá gún. Mi ò pẹ́ nílé ìwé. Lánàá, lọ́jà Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, òórùn tábà ta sí mi nímú, mo sì rántí ọ̀sán tí Bàbá àgbà mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá alátábà, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò pẹ́ lẹ́yìn tí a sin Ìyá àgbà.

"Òórùn Ìyá àgbà ti ń tán lára ìrọ̀rí," Bàbá sọ fún mi lọ́nà. "Ìwọ ni kó o bá mi wá a."

Owó ọwọ́ Bàbá kò ju ti oríṣi tábà kan lọ, ṣùgbọ́n gbogbo èyí tó wà lórí àtẹ ni mo gbóòórùn rẹ̀. Ọ̀kan dà bí ewé gbígbẹ, òmíràn ń ta sánsán bí oyin. Mo ń mi orí ṣáá pé kì í ṣe òun.

"Bàbá, ṣé òórùn lẹ fẹ́ fi yó ni?" ìyá náà béèrè.

"Ẹ jẹ́ kó fara balẹ̀."

Nígbà tó yá, wọ́n ra èyí tí kò wọ́n, tó dà bí ewé. Ìyá náà bu díẹ̀ lára olóyin lé e, ó ní èènì ni. Mo tún gbóòórùn rẹ̀.

"Bàbá, Ìyá àgbà rèé."

Bàbá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo rò pé tábà ló ta wọ́n lójú.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé Bàbá kò fa tábà rí.

Wọ́n ti darúgbó gan-an báyìí, wọn kì í sì rí oorun sùn dáadáa mọ́. Láàárọ̀ yìí, mo padà sọ́jà, mo ra èyí tí kò wọ́n, mo ní kí wọ́n fi olóyin ṣe èènì. Mo dì í sínú àkísà, mo rọra tì í sábẹ́ ìrọ̀rí wọn.