Depité tó máa ń nawọ́ kó tó sọ̀rọ̀

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ láìnawọ́. Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà tí àwa ará Ṣàkẹ́tẹ́ dìbò fún un pé kó lọ ṣe depité ní ilé aṣòfin, àtìgbà náà sì ni àṣà yìí ti mọ́ ọn lára. Bó bá fẹ́ kí ìyá mi bu ọbẹ̀ kún ọbẹ̀ òun, yóò nawọ́ sókè, yóò dákẹ́, títí ìyá mi yóò fi ní, "Ẹ máa wí, Bàbá."

Nílé aṣòfin, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ló jà lé lórí jù. Àwọn kan fẹ́ kí òfin lé ẹbí aláìsàn síta, kí dókítà nìkan máa pàṣẹ. Ó nawọ́, wọ́n fún un láyè.

Ó ní, "Àwa là ń pọnmi síbẹ̀, àwa là ń se oúnjẹ. Àwa náà gbọ́dọ̀ lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀."

Wọ́n gbà fún un, ó sì di òfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ lé ẹbí aláìsàn síta.

Nígbà tó yá, àìsàn dá òun náà dùbúlẹ̀ nílé ìwòsàn ní Pòbẹ́. Àwọn ẹbí wa ní Ita-Djèbou, lágbègbè Ṣàkẹ́tẹ́, tú yáyá wá dúpẹ́ òfin náà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n kún yàrá fọ́fọ́, wọ́n ń jiyàn lórí abẹ́rẹ́ rẹ̀, kò rí oorun sùn. Ó bẹ nọ́ọ̀sì pé kó lé wọn jáde.

Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, òfin yín ò gbà."

Nírọ̀lẹ́, àgbà kan láàárín wọn ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn pé kí gbogbo wọn máa sùn síbẹ̀ títí ara Bàbá yóò fi yá nawọ́ sókè.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi náà nawọ́. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ ni.

Wọ́n kà á mọ́ àwọn tó fara mọ́ ọn.