Pius Olówòkéré àti Ìsọ̀rí Mẹ́tàdínlógún

Ẹ bá mi wo ọkùnrin yìí. Pius Olówòkéré ti Ugbonla fẹ́ràn kó máa to ènìyàn bí ẹni ń to ẹja sórí iná. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló ní kí àwọn akọrin dúró bí wọ́n ṣe ga sí, títí ẹni tó ń kọ ohùn òkè fi bá ara rẹ̀ láàárín àwọn tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀, tí orin ọjọ́ náà sì di ìjà. Nínú ọkọ̀, kò ní jókòó àfi tó bá to àwọn èrò bí wọ́n ṣe sanra sí. Rhoda ìyàwó rẹ̀ ti gbá a lọ́wọ́ rí nítorí pé ó to ìkòkò ọbẹ̀ ní ìtẹ̀léra bí wọ́n ṣe rà wọ́n.

Ẹnì kan ṣoṣo tí Pius ò rí ibi tò sí ni ara rẹ̀. Ẹ mọ bí nǹkan ṣe rí létí omi wa níbí láti ìgbà tí epo ti jáde. Ilé-iṣẹ́ epo, èyí tí mi ò ní dárúkọ, kì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀, orúkọ inú ìwé ló ń bá sọ̀rọ̀. Bí iṣẹ́ bá wà, wọ́n á kọ orúkọ: ọ̀dọ́ lápá kan, olóyè lápá kan, obìnrin lápá kan. Nígbà tí Pius ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, àbúrò àwọn olóyè ló gba gbogbo ààyè ọ̀dọ́. Nígbà tó pé ogójì ọdún, wọ́n ní ó ti dàgbà jù. Kò joyè, nítorí náà kò tíì di àgbà. Kì í sì í ṣe obìnrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó bi Jọọlá, akọ̀wé ìlú, léèrè lọ́dún kan bóyá ìyẹn pọn dandan. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Jọọlá kọ orúkọ, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló fo Pius. Ó dùn ún wọ akínyẹmí ara. Gbogbo ohun tó ń fẹ́ láyé ni kí orúkọ rẹ̀ wọ ìwé lẹ́ẹ̀kan péré kó tó kú.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ṣe rí fún àwọn elépo kò gba orúkọ. Oṣù mẹ́jọ ló fi fọ abọ́ nínú ọkọ̀ ńlá kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ń sùn sí lójú òkun Awoye. Òyìnbó kan tó ń padà sílé gbàgbé ìwé kan sórí ibùsùn, Pius sì gbé e wálé. Ìwé eré ni. Ẹ ó jókòó yí tábìlì ká, oníkálukú á di ẹni tí kò sí láyé: ọ̀kan jagunjagun, ọ̀kan onídán, ọ̀kan olùwòsàn, ọ̀kan olè. Ẹnì kan á máa darí eré, á máa sọ ohun tó wà níwájú yín, ẹ ó sì ta ọmọ ayò olójú mẹ́fà láti mọ̀ bóyá ẹ ṣẹ́gun tàbí ẹ kú. Ẹṣin àti òkè ló kún inú ìwé náà. Pius ò rí ẹṣin rí láyé rẹ̀. Ó fi báírò pa gbogbo ẹṣin rẹ́, ó kọ ọkọ̀ rọ́pò wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ eré náà lọ́sàn-án Sátidé, lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀ ní èbúté, pẹ̀lú ọmọ ayò lúdò. Ẹni mẹ́ta ló ń bá a ta á. Moríkẹ́ tó ń ta bẹntiróòlù fún àwọn atukọ̀, Táyé tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe, àti Tíṣà Kàsúmù tí ìjọba gbé wá láti ìlú òkè, tí kò tíì lè wọ ọkọ̀ láìdi ojú.

Ìsọ̀rí mẹ́rin ló wà nínú ìwé òyìnbó, wọn ò sì tó wa lò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, jagunjagun Táyé wọ aṣọ irin, ó ta ẹyọ kan péré, ó jábọ́ sínú omi, ó sì rì bí òkúta. Pius bá dá ìsọ̀rí Òmùwẹ̀ sílẹ̀, kí ẹni tí yóò gbé òkú irú wọn lè wà. Moríkẹ́ béèrè ta ni yóò wa gbogbo àwọn alágbára wọ̀nyí dé ibi ogun, ni Atukọ̀ bá wọlé. Díákónì ni Pius, kò lè pe ẹnikẹ́ni ní olè nínú ìwé tirẹ̀, ó sọ ìyẹn di Alápamọ́. Kó tó mọ̀, ìsọ̀rí ti di mẹ́tàdínlógún.

Ó wá mú ìwé fífẹ̀ kan, ó fi rúlà àti báírò pupa fa ilà sí i, ó to àwọn ìsọ̀rí náà síbẹ̀. Kí ìlú inú eré má bàa ṣófo, ó fi orúkọ àwọn ará ìlú tó mọ̀ kún un, ó sì kàn án mọ́ òpó.

Moríkẹ́ kà á tán. Ó ní, "Orúkọ tiyín ńkọ́, Ọ̀gá Pius?"

"Ẹni tó ń darí eré kì í wà nínú ìsọ̀rí," ni Pius wí. "Ó ju ìsọ̀rí lọ."

Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu rẹ̀ débi pé ó tún un sọ.

Ọjọ́ kejì jẹ́ ọjọ́ Sunday. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kọjá, wọ́n rí orúkọ, wọ́n rí ilà pupa. Ta ni létí omi wa tí yóò rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí yóò rò pé eré ni? Wọn ò tíì ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán tí ìròyìn ti dé ìlú Zion Pepe pé ọwọ́ Pius ni ilé-iṣẹ́ gbé ìwé sí lọ́tẹ̀ yìí.

Jọọlá ló kọ́kọ́ dé. Akọ̀wé ìlú fúnra rẹ̀ gbé ọpọ́n ẹja tútù kalẹ̀, ó tẹríba.

"Òmùwẹ̀ lẹ fi mí sí, ọ̀gá mi. Ọjọ́ orí mi ò gba òtútù. Ẹ bá mi sún orúkọ mi sí Jagunjagun."

Pius ti la ẹnu láti sọ pé eré ni. Ṣùgbọ́n ó wo orí Jọọlá tó tẹ̀ síwájú rẹ̀, ó rántí ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó sì pa ẹnu dé. Ó ní, "Màá wò ó."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Olóyè Fẹ́yìsetán dé lọ́jọ́ Ajé, ó ní òun ò lè wà ní ìsọ̀rí kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń gbé ilé òun. Pius dá Àgbà Onídán sílẹ̀ fún un, ó sì pa ìsọ̀rí Alágbẹ̀dẹ rẹ́, kí iye wọn má yẹ̀. Àwọn obìnrin ìjọ gba Olùwòsàn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ Alápamọ́, àfi ìgbà tí ẹnì kan sọ pé àwọn tó mọ̀ ọ́n sá pamọ́ ni elépo máa ń kọ́kọ́ pè wá jẹun. Ẹni mọ́kànlá ló béèrè fún un kí oòrùn tó wọ̀. Rhoda pàápàá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Bàbá Òkìkí, èmi ńkọ́?"

Pius fi í sí Jagunjagun. Ó mọ ọwọ́ rẹ̀.

Tíṣà Kàsúmù kìlọ̀ fún un. "Ọ̀gá, ẹ sọ fún wọn pé eré ni." Pius ní òun á sọ ọ́ ní Sátidé. Ẹja tí wọ́n kó wá ò tíì tán ní Sátidé, kò sì sọ ọ́. Orúkọ ti pé ogójì.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ epo dé ní tòótọ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló sọ̀ kalẹ̀, Olúrẹ̀mí lórúkọ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ gba ogójì ènìyàn sí iṣẹ́ ìṣọ́ páìpù, ó sì wá gba orúkọ. Inú Pius dùn débi pé ó gbàgbé bàtà rẹ̀ sílé. Ó sáré dé èbúté, ṣùgbọ́n Fẹ́yìsetán àti Jọọlá ti tú ìwé náà lára òpó, wọ́n ti tẹ́ ẹ síwájú àlejò.

Olúrẹ̀mí kà á, ó mirí. "Gbogbo ìlú tí mo dé, orúkọ ẹbí ni wọ́n ń kó fún mi. Ẹ̀yin nìkan lẹ to ènìyàn gẹ́gẹ́ bí ohun tí oníkálukú lè ṣe." Ó ní kí Jagunjagun máa ṣọ́ páìpù, kí Atukọ̀ máa wa ọkọ̀. Ó wo Alápamọ́ títí, ó ní àwọn wọ̀nyí á mọ ọ̀nà tí àwọn tó ń fọ́ páìpù ń gbà. Ẹ̀gbẹ́ Àgbà Onídán, ó kọ "olùdámọ̀ràn" síbẹ̀. Fẹ́yìsetán lu òǹtẹ̀ sí i.

Pius ya èrò, ó dé iwájú. "Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ mi."

"Ìsọ̀rí wo lẹ wà, bàbá?"

Ó wo ìwé tí òun fúnra rẹ̀ fa ilà sí. Tó bá ní eré ni, ogójì ènìyàn tí òun ti jẹ ẹja wọn á gbé e sọ sódò. Tó bá dákẹ́, ọkọ̀ á lọ. "Èmi ni mo kọ ọ́," ló rí sọ.

"Ìsọ̀rí wo ni wọ́n wà?" Olúrẹ̀mí kọjú sí àwọn èrò.

Kò sí ìkà lẹ́nu Moríkẹ́ nígbà tó dáhùn. "Wọn ò sí nínú ìsọ̀rí kankan, àǹtí. Wọ́n ní àwọn ju ìsọ̀rí lọ."

Olúrẹ̀mí kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Pius nítorí ìlú, ó sì fún un ní fìlà kan tí wọ́n kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ sí lójú. Jọọlá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ léjìká, ó ní ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ogójì ènìyàn kún èbúté pẹ̀lú bàtà rọ́bà. Wọ́n dà gììrì sínú ọkọ̀, gíga lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúkúrú, sísanra níwájú. Pius dúró lórí pákó pẹ̀lú fìlà rẹ̀, ara ń ta á. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí àwọn tó sanra lọ sáàárín," ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ti dún, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ.

Rhoda nìkan ló bojú wẹ̀yìn, ó pariwo láti inú ọkọ̀.

"Bàbá Òkìkí, ẹja wà nínú ọpọ́n. Ẹ bá mi tò ó sórí iná dáadáa."

Pius wọlé lọ to ẹja.