Wo-Ẹ̀yìn àti Ìlà Kejìlélógún

Lọ́jọ́ tí kọ̀ǹpútà tó ń tẹ ìwé oògùn kọṣẹ́ nílé ìwòsàn, ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ ló jókòó sídìí ẹ̀. Àwọn àṣẹ tí wọ́n fi Páítọ̀nì, èdè kan tí kọ̀ǹpútà gbọ́, kọ sínú ẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Kọ̀ǹpútà ní àṣìṣe wà ní ìlà kejìlélógún. Ọ̀gá pa ìlà náà rẹ́. Èyí tó tẹ̀ lé e bọ́ sípò rẹ̀, kọ̀ǹpútà tún ní ìlà kejìlélógún ni. Ọ̀gá pa ìyẹn náà rẹ́. Àwọn aláìsàn ti tò dé ẹnu géètì.

Bàbá tó ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Wo-Ẹ̀yìn, tó ti di olóògbé báyìí, gbé ẹ̀pà mì. "Ọ̀gá, kí ni ìlà yẹn fi ṣẹ̀ yín? Tí ẹ bá pa á tán, ṣé ẹ máa sìnkú ẹ̀ ni?" Ó dá ohun tí ọ̀gá pa rẹ́ padà, ó lọ sí ìlà kọkànlélógún, ó pa àkámọ́ kan tí ẹnì kan ṣí sílẹ̀ dé. Ìwé oògùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. "Ibi tí kọ̀ǹpútà ṣubú sí ló ń sọ, kò mọ ibi tó ti kọsẹ̀. Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọmọdé."

Ìyá Ìbejì, tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ náà, tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí ti Wo-Ẹ̀yìn fún ọdún mẹ́sàn-án, kò rí ẹni tí ẹnu ọkùnrin yìí dá sí. Agbéraga paraku ni. Nígbà kan tí kọ̀ǹpútà dárúkọ ìlà kan, ó fi ọjọ́ méjì gbáko wo ẹ̀yìn, títí ó fi dé ìlà kìíní.

"Bàbá, ìlà tí kọ̀ǹpútà dárúkọ gan-an ni àṣìṣe wà," Ìyá Ìbejì ní. "Ẹ ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ níbẹ̀."

Ó wò ó, ó kùn. "Ó ṣèèṣì sọ òótọ́ ni."

Lẹ́yìn ìsìnkú Wo-Ẹ̀yìn, iṣẹ́ olóògbé bọ́ sọ́wọ́ Ìyá Ìbejì. Láàárín àwọn àṣẹ tí òun fúnra rẹ̀ kọ lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ó rí ìlà kan tí olóògbé fi síbẹ̀, irú èyí tí èèyàn ń kọ fún èèyàn, tí kọ̀ǹpútà máa ń fò: "Mo ti tún ibí ṣe. Àwọn ìbejì ń ṣàìsàn, ìyá wọn kò róorun sùn. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un."

Ó wá a lọ sókè, ó wá a lọ sísàlẹ̀. Irú ẹ̀ mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín, ó fi ìdí gèlè nu ojú, kò sì pa ọ̀kankan rẹ́.