Ọba Méjì àti Ọmọ-ogun Díẹ̀

Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn fún mi, ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Etikan, létí òkun, ni mo lọ sinmi. N kò lè wọ ọkọ̀ ojú omi, n kò sì lè jókòó pẹ́. Ohun tó kù tí mo lè ṣe ni èyí tí mo ti fẹ́ràn tipẹ́: kí n máa dán àwọn ẹ̀rọ tó ń ta ayò ṣẹ́ẹ̀sì nínú kọ̀ǹpútà wò. Màá fún wọn ní àdììtú tó jẹ́ pé ọba méjì àti ọmọ-ogun díẹ̀ ló kù lórí pátákó, màá wá wò ó bóyá wọ́n á rí ọ̀nà àtiborí.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, tí mò ń pè ní Bọ̀ọ̀dá, ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ẹ̀rọ ni mò ń dán wò, wọ́n ní kí n tan án kí àwọn gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo ṣàlàyé, wọ́n rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé páńẹ́ẹ̀lì tó ń fi oòrùn ṣiná wá láti ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n dè é mọ́ òrùlé, wọ́n sì fa wáyà rẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi kí kọ̀ǹpútà mi lè máa ríná lò.

Àdììtú kan wá dà mí láàmú. Ẹni tó gbé e kalẹ̀ sọ pé ẹni tó mú ọmọ ayò funfun ló máa borí. Ẹ̀rọ tí mò ń dán wò ní ọ̀mì ni. N kò mọ èyí tí mo lè gbà gbọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ sódò, mo kọ́ Bọ̀ọ̀dá bí ọba àti ọmọ-ogun ṣe ń rìn. A to àdììtú náà sórí pátákó; wọ́n mú dúdú, mo mú funfun. Dípò kí n sáré ti ọmọ-ogun mi síwájú, mo fi ọba mi rìn yípo, mo padà sí ojúkò tí mo ti kúrò, pátákó rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó wá jẹ́ pé Bọ̀ọ̀dá ló kàn, kì í ṣe èmi. Ibi tí wọ́n bá sá sí, ọ̀nà á dí. Wọ́n ní ká tún un tò. A tún un tò títí ẹ̀gbọ́n mi fi gbé púpurú àti ọbẹ̀ ẹja wá.

Nígbà tó yá, Bọ̀ọ̀dá tẹjú mọ́ ọba wọn.

"Àbúrò, ibi tí mo dúró sí yìí dáa. Bí o bá jẹ́ kí n jókòó jẹ́ẹ́, o ò lè lé mi níbẹ̀. Pé ó kàn mí yìí gan-an ló pa mí."

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un sọ. Ibẹ̀ ni mo ti rí àléébù ẹ̀rọ náà: ó gbà pé kò sí bó ṣe lè jẹ́ àdánù fún ẹnikẹ́ni pé òun ló kàn. Òótọ́ ni nígbà tí ọmọ ayò bá ṣì pọ̀. Bó bá ku ọba àti ọmọ-ogun nìkan, ó lè ṣàì rí bẹ́ẹ̀.

Mo kọ̀wé sí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà lókè òkun. Ó tún un ṣe, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ èmi àti àna mi. Mo ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sókè fún Bọ̀ọ̀dá. Inú wọn dùn, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bi mí ni bóyá ẹ̀yìn ṣì ń ro mí.

Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́ báyìí. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ẹni tó wò mí sàn, mo máa ń sọ ti dókítà, màá wá fi kún un pé ilé kan wà ní Etikan tí wọn ò dúró dìgbà tí ara mi yá kí wọ́n tó ka èmi náà sí ẹni tó wúlò.