Sípíkà Tí Ọmọ Mi Yàn

Mo rántí ọ̀sán Sátidé tí wọ́n gbé sípíkà olówó gọbọi wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìlọfà, nítorí ọjọ́ náà ni mo fi ẹ̀rín pàdé ohun tó yẹ kí n fi ẹkún pàdé. Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìlú tó ń gbé ní ìlú ńlá ló ní òun fẹ́ fi sípíkà tuntun ta ìjọ lọ́rẹ, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ tó èyí tí ènìyàn lè fi ra ọ̀kadà tuntun méjì. Àwọn àgbà ìjọ ní àwọn kò ní jẹ́ kó ná irú owó bẹ́ẹ̀ sórí ohun tí àwọn kò tíì fi etí ara àwọn gbọ́. Bí wọ́n ṣe ní kí ọkùnrin tó ń tà á gbé e wá láti Ìlọrin nìyẹn, kí wọ́n gbé e kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí a ní, kí a dán méjèèjì wò.

Èyí tí a ní yẹn, ọkọ mi ló ṣe é. Rédíò àti fáànù ló ń tún ṣe ní ọ̀nà Odò-Ọwà, òun náà ló sì ń bójú tó ẹ̀rọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gba pákó lọ́wọ́ káfíńtà, ó kan àpótí kan tó ga dé àyà mi, ó sì ki ojú sípíkà àlòkù kan sínú rẹ̀. Bí a bá tan án, gbogbo ara àpótí náà a máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Bí ènìyàn bá gbé ife omi lé e lórí, omi inú rẹ̀ á máa jó. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ẹni tó kàn án. Mi ò ní parọ́, kì í ṣe nítorí ohùn rẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin, àkọ́bí mi, ti pé oṣù mẹ́sàn-án nígbà náà. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lógún ọdún díẹ̀ ni, mo ti ka ìwé mẹ́wàá, mo sì rò pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún lè kọ́ mi nípa ọmọ títọ́. Ọmọ náà kì í yọni lẹ́nu. Bí ilẹ̀kùn bá pa dé gbàá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ta gìrì, tèmi á máa sùn lọ. Bí òjò bá ń lu páànù tí ààrá sì ń sán, á máa sùn. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi máa ń bi mí pé kí ni mò ń fún un jẹ. Èmi náà á rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ní àṣírí kan lọ́wọ́. Ní àràárọ̀, kí n tó gbá ilẹ̀, mo máa ń pọ̀n ọ́n, màá sì máa kì í: Àdùkẹ́ mi, Àdùkẹ́ òkín, ọmọ tí gbogbo ilé ń jìjàdù láti gbé. Á gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lé mi lẹ́yìn, á máa rẹ́rìn-ín. Ta ló fẹ́ sọ fún mi pé ọmọ yìí kò gbọ́ mi?

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń wí yìí, àwa obìnrin ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa ń ṣe ní Sátidé, ìyá ọkọ mi sì wà pẹ̀lú wa. Mo tẹ́ ọmọ mi tó ti sùn sórí bẹ́ǹṣì iwájú, bẹ́ǹṣì náà sì fara ti àpótí ọkọ mi. Orin tí àwa akọrin kọ ní Àjíǹde, tí ọkọ mi gbà sílẹ̀ sínú fóònù, ni wọ́n fi dán ẹ̀rọ wò. Wọ́n kọ́kọ́ fi sí tuntun. Ẹ gbà mí gbọ́, mo gbọ́ ohùn ara mi láàárín ogún ohùn. Mo gbọ́ ibi tí mo ti mí kí n tó gbé ẹsẹ kejì. Mi ò mọ̀ pé ohùn mi dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Bàbá ìjọ wa mi orí. "Èyí ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ẹnu."

"Ẹ kò tíì gbọ́ nǹkan kan, Bàbá," ni ọkùnrin tó ń tà á wí. "Ẹ jẹ́ kí n ṣí i dé òpin."

Ó ṣí i lóòótọ́. Àwọn àdán fò jáde láti inú àjà ṣọ́ọ̀ṣì. Ewúrẹ́ tí wọ́n so sí ìta já okùn. Gbogbo ọmọ ọwọ́ tó wà níbẹ̀ figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ìyá wọn sì ń sáré kiri. Tèmi nìkan kò mira. Ọwọ́ rẹ̀ kan kò tilẹ̀ gbọ̀n.

"Ẹ wo ọmọ mi!" ni mo kígbe, mo fọwọ́ lu àyà. "Tiwa kì í ṣojo o!"

"Ìyá Àdùkẹ́, o ti gbéra ga jù," ni ọ̀kan nínú wọn fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Bá mi bù díẹ̀ nínú sùúrù rẹ̀ fún tèmi yìí."

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, wọ́n yí orin padà sí àpótí ọkọ mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ń kùn. Ọ̀gá akọrin ní, "Ẹni tó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu lèyí." Gbogbo ènìyàn tún bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò. Ìgbà yẹn gan-an ni ọmọ mi la ojú. Ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì mọ́ bẹ́ǹṣì, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ ti yàn o!" ni bàbá ìjọ wí. "Ó ní ti bàbá òun ló dùn jù."

Ọkọ mi gbé e sókè, inú rẹ̀ dùn débi pé omi lé sí i lójú. Ìyá ọkọ mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó ń wo ọmọ náà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

A délé. Nígbà tó ku èmi àti òun ní ẹ̀yìnkùlé ló pè mí. "Ìyàwó mi, àdán pàápàá fò. Ọmọ yìí kò mira."

"Yèyé, ọmọ onísùúrù ni."

"Méje ni mo bí. Onísùúrù wà nínú wọn. Onísùúrù pàápàá á kọ́kọ́ ta gìrì kó tó ṣe sùúrù."

Inú bí mi. Mo sọ fún un pé kó má fi ẹnu rẹ̀ ba tèmi jẹ́, ọ̀rọ̀ tí ìyàwó kì í sọ sí ìyá ọkọ. Mo ní, "Ojoojúmọ́ ni mò ń kì í, tó sì ń rẹ́rìn-ín sí mi."

Kò bínú. Ó kàn bi mí pé, "Níbo ló máa ń wà bí o bá ń kì í?"

"Ẹ̀yìn mi ni mo máa ń pọ̀n ọ́n sí."

Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Sọ ọ́ kalẹ̀, kí o kì í."

Mo sọ ọ́ kalẹ̀ sórí ẹní. Ó kọjú sí àwọn adìyẹ tó ń jẹ̀ nídìí ìkòkò omi. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo pè é: Àdùkẹ́. Ó ń wo adìyẹ. Mo kì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń wo adìyẹ. Mo pariwo títí ohùn mi fi há, títí aládùúgbò fi yọjú láti orí ògiri, ọmọ mi sì na ọwọ́ sí ìyẹ́ adìyẹ kan tó wà nílẹ̀. Ìyá ọkọ mi ló gbé e wá pọ̀n mọ́ mi lẹ́yìn. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, pẹ̀lú ẹkún. Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé mi lẹ́yìn níbi tí ohùn mi ti ń mú ara mi gbọ̀n, ó rẹ́rìn-ín. Ẹkún mi pàápàá, ó ń rẹ́rìn-ín sí i.

Inú òjò ni èmi àti ọkọ mi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìlọrin. Ọkọ̀ rì sínú ẹrẹ̀ kí a tó kọjá Odò-Ọwà, a sì fẹsẹ̀ rìn títí a fi rí ọkọ̀ mìíràn wọ̀. Dókítà obìnrin tó yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé etí méjèèjì ni kò gbọ́ ohùn kankan, àti pé láti inú oyún ló ti wà bẹ́ẹ̀. Ó fi ẹ̀rọ kékeré sí i létí, ó yọ ọ́, ó fi òmíràn sí i. Mò ń wo ojú ọmọ mi bí ẹni ń wo ojú ọ̀run lásìkò ọ̀dá. Kò sí èyí tó ràn án lọ́wọ́. Dókítà bi mí pé láti ìgbà wo ni mo ti ń ṣàkíyèsí. Ṣé kí n sọ fún un pé mo ti ń ṣàkíyèsí láti ọjọ́ yìí wá, pé mo tilẹ̀ ń fi í yangàn láàárín ẹgbẹ́?

Ìjọ gba sípíkà tuntun. Ní ọjọ́ ìkórè, ohùn rẹ̀ mọ́ kedere, gbogbo ọmọ ìlú tó ti ìdálẹ̀ dé ń yìn ín. Mo dúró láàárín akọrin, mo la ẹnu, orin kò jáde. Ó pẹ́ kí n tó tún kọrin.

Ọmọ mi ti tó ọdún mẹ́fà báyìí. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití ní Ìlọrin ló ń gbé, ọwọ́ ló fi ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì yá ju tèmi lọ. Bí mo bá ń fi ọwọ́ mi tó le yìí sọ tèmi, á máa fi mí ṣe ẹ̀rín. Nígbà tí ó tóbi ju ẹni tí mo lè pọ̀n lọ, ọkọ mi lọ gba àpótí ògbólógbòó rẹ̀ padà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé e sí yàrá wa, ó sì so maikirofóònù mọ́ ọn. Bí ọmọ bá ti wálé fún ìsinmi, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń sáré lọ. Á di àpótí náà mú, á gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé pákó rẹ̀, á di ojú, á máa dúró dè mí.

Màá mú maikirofóònù, màá kì í. Àwọn tó ń kọjá lójú pópó máa ń sọ pé ohùn àpótí yẹn ti bàjẹ́ jù, kí la tún ń fi ṣe nígbà tí tuntun wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò bá wọn jiyàn. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Tuntun ló dára jù.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mi ò tíì sọ fún ọkọ mi. Kí n tó tan ẹ̀rọ náà, bí ọmọ mi bá ti kọ ẹ̀yìn sí mi, tó di àpótí mú, mo máa ń fi ẹnu lásán pè é lẹ́ẹ̀kan. Àdùkẹ́. Màá dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni màá tó tan án.